Wọ́n fi NIN èèyàn yáwó, wọ́n tún gba láìnì rẹ̀: ẹ jẹ́ ká kó ìmọ̀ jọ

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù, Òṣogbo

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa fẹ́ ṣe ìwé tí a máa pín fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ lórí ọ̀rọ̀ àwọn tó ń fi orúkọ, NIN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìjọba), BVN (nọ́ńbà ìdánimọ̀ báńkì) àti láìnì fóònù ẹlòmíì ṣe jìbìtì. Oníṣòwò ló pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa, a ní olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, a sì ní àwọn tí ọmọ wọn wà lókè òkun. Kí lèèyàn lè ṣe kó má ṣẹlẹ̀ rárá? Bó bá sì ti ṣẹlẹ̀, kí la kọ́kọ́ ń ṣe, kí ló tẹ̀ lé e? "Ẹ ṣọ́ra" lásán ò tó wa mọ́. Ohun tí èèyàn máa tẹ̀ lórí fóònù àti ọ́fíìsì tó máa lọ la fẹ́ gbọ́.

Àlàmú Síìmù

Láìnì fóònù ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbọ́n, torí ara rẹ̀ ni gbogbo yòókù so mọ́. Ẹni tó jí fóònù kò nílò àtimọ ohun tí ẹ fi ti ojú rẹ̀ pa. Á yọ síìmù, á kì í bọ fóònù tirẹ̀, á tẹ *565*0#. Bó bá jẹ́ pé láìnì yẹn lẹ fi ṣe BVN, nọ́ńbà 11 á yọjú, owó rẹ̀ ò ju ₦20 lọ, inú kírẹ́díìtì ẹ̀yin tẹ́ ẹ ni láìnì náà ni wọ́n sì ti máa yọ ọ́. Á tẹ *346#, NIN náà á jáde. Ó ti ní méjèèjì, bẹ́ẹ̀ kò tíì fọwọ́ kan báńkì. Ẹ̀yìn ìyẹn ló máa ṣí áàpù báńkì yín, á ní òun ti gbàgbé páàsíwọ̀dù, OTP, kóòdù ẹ̀ẹ̀kan tí báńkì ń fi SMS ránṣẹ́, á sì balẹ̀ sọ́wọ́ rẹ̀.

Píìnì síìmù ló ń dí ọ̀nà yìí. Ẹ má ṣe fi wé ohun tí ẹ fi ń ti ojú fóònù. Ìyẹn ń ṣọ́ fóònù nìkan. Píìnì síìmù ń ṣọ́ síìmù nínú fóònù yòówù tí wọ́n bá kì í bọ̀. Lórí Android, ẹ wọ Settings, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Security sí, ẹ ó rí SIM lock níbẹ̀. Fóònù mìíràn á fi pamọ́ sábẹ́ More security settings. Lórí iPhone, Settings, lẹ́yìn náà Cellular tàbí Mobile Data, ẹ ó rí SIM PIN. Ó máa béèrè píìnì tí síìmù bá wá láti ilé-iṣẹ́. Ti MTN àti Glo sábà máa ń jẹ́ 0000, ti Airtel 1234. Ẹ tan án, kẹ́ ẹ tó yí i padà sí tiyín. Fóònù onítọ́ọ̀ṣì náà lè ṣe é: bẹ́ ẹ bá ti tan án nínú ètò ààbò rẹ̀, ẹ tẹ **04*, píìnì àtijọ́, *, píìnì tuntun, *, píìnì tuntun lẹ́ẹ̀kan sí i, kẹ́ ẹ fi # parí ẹ̀.

Ẹ má fi àbá ṣe é o. Bẹ́ ẹ bá ṣì í lẹ́ẹ̀mẹta, síìmù á tì, á wá máa béèrè PUK, nọ́ńbà 8 tó wà lára páálí tí síìmù bá wá. Bẹ́ ẹ bá ṣi PUK náà lẹ́ẹ̀mẹwàá, síìmù yẹn ti kú nìyẹn. Ẹni tí kò mọ píìnì tó wà lórí tirẹ̀ tí kò sì rí páálí mọ́, kó pe 300. Nọ́ńbà kan náà ni fún gbogbo nẹ́tíwọ́kì nílẹ̀ wa báyìí.

Ìyá Ìbejì Mókólà

Ọ̀rọ̀ yín dáa, àmọ́ ẹ wo àwọn àgbà wa. Gbogbo ìgbà tí bátìrì bá kú, fóònù á tún máa béèrè píìnì. Màmá tó bá gbàgbé rẹ̀ á fọwọ́ ara rẹ̀ ti láìnì ara rẹ̀ pa láàárín òru.

Àlàmú Síìmù

Òótọ́ ni, ma. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi fẹ́ kí ọmọ kan nínú ilé mọ̀ ọ́n pẹ̀lú wọn. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tí kì í kúrò nílé, ẹ̀yìn Bíbélì tàbí Kùránì dáa. Kó má wà nínú àpò fóònù, torí olè á bá méjèèjì níbì kan. Kó má sì jẹ́ ọdún ìbí, nítorí ọdún ìbí ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbìyànjú, ó sì wà lára ìwé NIN tó ṣeé ṣe kó wà nínú pọ́ọ̀sì kan náà.

Bánkà Tó Fẹ̀yìntì

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti wákàtí àkọ́kọ́, torí ibẹ̀ ni owó ti ń lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kọ́kọ́ sáré lọ gba síìmù tuntun. Kí wọ́n tó dé orí ìlà ní ọ́fíìsì nẹ́tíwọ́kì, wọ́n ti gbé owó lọ. Báńkì ló ṣáájú.

Ọ̀pọ̀ báńkì ní kóòdù tí ẹ lè tẹ̀ láti orí fóònù ẹnikẹ́ni láti fi ti USSD (fífi kóòdù oní-* àti # rán owó) tàbí akáǹtì yín pa. Ti GTBank ni *737*51*74#, ti Access ni *901*911#, ti Zenith ni *966*911#. Ẹ béèrè tiyín ní báńkì lónìí, nígbà tí nǹkan kan ò ṣe yín, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sórí bébà. Ẹni tó tọ́jú kóòdù yìí sínú fóònù tí olè gbé lọ, kò tọ́jú nǹkan kan. Bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, ẹ pe ibi tí báńkì ń gbọ́ ẹjọ́ jìbìtì, ẹ ní kí wọ́n fi Post No Debit sórí akáǹtì. Orúkọ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é nìyẹn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé owó lè wọlé, kò sì lè jáde. Ẹ ní àwọn akáǹtì mìíràn ní báńkì kan náà? Ẹ dárúkọ gbogbo wọn. Ẹ má gbé fóònù sílẹ̀ láìgba nọ́ńbà ẹ̀sùn.

Lẹ́yìn báńkì ni láìnì. Ẹ fi fóònù ẹlòmíì tó wà lórí nẹ́tíwọ́kì kan náà pe 300, ẹ ní kí wọ́n dí láìnì náà. Wọ́n lè béèrè iye tí ẹ fi rìcháàjì gbẹ̀yìn àti àwọn nọ́ńbà tí ẹ ń pè jù. Ìgbà yìí lẹ wá ń lọ gba síìmù mìíràn pẹ̀lú NIN yín. Ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ lọ, torí wọ́n máa ń yẹ ìka tàbí ojú wò.

Ẹ̀kẹta ni ímeèlì, òun sì ni wọ́n máa ń gbàgbé. Bó bá jẹ́ Gmail, ẹ wọ Google Account, Security, Your devices, kẹ́ ẹ lé gbogbo fóònù tí kì í ṣe tiyín jáde, kẹ́ ẹ tó yí páàsíwọ̀dù. Ẹ padà wo Filters àti Forwarding nínú ètò Gmail náà. Ohun tó wà níbẹ̀ kì í hàn sí ojú lásán: wọ́n lè ti kọ àṣẹ síbẹ̀ pé gbogbo ìwé tó bá ti báńkì wá kó bọ́ sínú Trash, tàbí kó lọ sí ímeèlì tiwọn. Ẹ lè yí páàsíwọ̀dù nígbà ogún, àṣẹ yẹn ò ní kúrò níbẹ̀ àfi tí ẹ bá pa á rẹ́.

Tí owó bá ti jáde, ẹ lọ sí ẹ̀ka báńkì lọ́jọ́ yẹn gan-an pẹ̀lú lẹ́tà. Ẹ kọ ọjọ́, aago, iye, akáǹtì tó gba owó àti Session ID ti owó kọ̀ọ̀kan. Session ID yẹn nọ́ńbà 30 ni, ó wà lórí rìsíìtì owó tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ láti báńkì kan sí òmíràn. Òun ni báńkì yín á fi bá báńkì kejì sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè di owó tó bá ṣẹ́ kù mú. Lẹ́tà tí kò ní in máa ń lọ yípo nínú ọ́fíìsì, nígbà tí owó ń ti akáǹtì kan bọ́ sí òmíràn, títí oní-POS kan fi máa kà á jáde. Ẹ mú ẹ̀dà lẹ́tà kejì lọ kí wọ́n lù ú ní òǹtẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí ẹ ò gbọ́ ohun gidi, ẹ kọ̀wé sí CBN, báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ní cpd@cbn.gov.ng, kẹ́ ẹ so ẹ̀dà olóǹtẹ̀ náà mọ́ ọn. Ohun àkọ́kọ́ tí CBN máa béèrè ni bóyá ẹ ti bá báńkì yín sọ ọ́.

Olóyè Kóòtù

Mo fẹ́ fi ti ọlọ́pàá kún un. Ẹ gba ìwé ẹ̀rí lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kẹ́ ẹ sì ṣe ìwé ìbúra ní kóòtù. Kí méjèèjì dárúkọ láìnì tó sọnù, ọjọ́ àti aago tó sọnù. Aago yẹn ló ń jà fún yín lẹ́yìnwá ọ̀la, bí wọ́n bá ní láìnì yín ni wọ́n fi lu ẹlòmíì ní jìbìtì. Abala 22 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti 2015 ló dárúkọ fífi ìdánimọ̀ ẹlòmíì ṣe jìbìtì. Ẹ kọ ọ́ sínú ẹ̀sùn yín. Ọlọ́pàá náà ní àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ lè fi ẹ̀sùn sílẹ̀ lórí nccc.npf.gov.ng láì kúrò ní Òṣogbo.

Ọmọ Àgbà Sábó

Kí ni gbogbo wàhálà yìí? Kéèyàn má ṣáà fún ẹnikẹ́ni ní NIN rẹ̀. Ó parí.

Olùṣọ́ Dátà

Kò parí, àbúrò. Síìmù, báńkì, páásípọ́ọ̀tù, JAMB, gbogbo wọn ló ń gbà á. Ní oṣù kẹfà ọdún 2024, àjọ Paradigm Initiative kéde pé ìkànnì kan ń ta NIN, BVN àti irú wọn ní ₦100 péré. NIMC, àjọ tó ń fúnni ní NIN, ní ẹnikẹ́ni ò já wọ ibi ìpamọ́ òun. Èyí tó wù kó jẹ́, ẹni tó bá ń ṣètò ara rẹ̀ bíi pé NIN òun ṣì jẹ́ àṣírí ń tan ara rẹ̀ ni. Ẹ mú un bí orúkọ. Nọ́ńbà náà ò sì ṣeé pààrọ̀, NIN kan ni títí ayé. Ohun tó yẹ ká máa ṣọ́ ni àwọn nǹkan tí oníjìbìtì ní láti fi kún un kó tó lè wúlò fún un: láìnì, OTP, àti ojú yín.

Ojú ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí ẹnu ò kùn ún tó. Àwọn kan ń wá sí ọjà àti abúlé, wọ́n á ní ìjọba fẹ́ fún àwọn èèyàn ní owó ìrànwọ́. Wọ́n á gba NIN, wọ́n á fún èèyàn ní owó táṣẹ́rẹ́, wọ́n á wá gbé fóònù sí i lójú. "Màmá, ẹ wo ibí. Ẹ ṣẹ́jú. Ẹ yí sọ́tùn-ún. Ẹ yí sósì díẹ̀. Ẹ rẹ́rìn-ín." Àwòrán ìrántí kọ́ nìyẹn o! Ìdánwò tí áàpù owó fi ń mọ̀ pé èèyàn tó wà láàyè ló wà níwájú fóònù ni. Nígbà tí màmá bá fi rẹ́rìn-ín tán, akáǹtì tuntun ti ṣí lórúkọ wọn, nọ́ńbà fóònù oníjìbìtì ló sì wà lórí rẹ̀. Inú irú akáǹtì bẹ́ẹ̀ ni owó tí wọ́n jí lọ́wọ́ ẹlòmíì máa ń gbà kọjá. Ẹ kọ èyí sí òkè ìwé tí ẹ fẹ́ pín: ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ ṣẹ́jú sí fóònù òun, ẹ bi í pé áàpù wo lòún ṣí sójú rẹ̀, kẹ́ ẹ gba fóònù náà wò.

Ẹ̀dà ìwé ńkọ́? Bẹ́ ẹ bá fẹ́ fún onílé tàbí agbanisíṣẹ́ ní ẹ̀dà NIN, ẹ fi bírò kọ ìlà kan gba àárín rẹ̀ kọjá: ohun tó wà fún, ẹni tí ẹ fún, ọjọ́. Kí ìlà náà gba orí àwòrán àti nọ́ńbà kọjá, kó má jẹ́ pé ẹsẹ̀ ìwé ló wà, níbi tí wọ́n ti lè gé e dànù. Ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tẹ̀wé, ẹ má fi WhatsApp ránṣẹ́ sí nọ́ńbà oníṣẹ́, torí ó máa wà nínú Downloads kọ̀ǹpútà rẹ̀ títí láé. Fláàṣì ni kẹ́ ẹ mú lọ, kẹ́ ẹ sì dúró wò ó bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́.

Níbi tí wọ́n bá ti gbà á, vNIN, ìyẹn àmì ìgbà díẹ̀ tó ń dípò NIN, ló dáa jù. Ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ yẹ̀ yín wò á fún yín ní kóòdù tirẹ̀, ẹ ó tẹ *346*3*, NIN yín, *, kóòdù náà, #. Ohun tó máa wọlé fún yín jẹ́ àmì 16, lẹ́tà àti nọ́ńbà pọ̀. Ilé-iṣẹ́ yẹn nìkan ló lè lò ó, lẹ́yìn wákàtí 72 ó ti kú. Ọ́fíìsì tó ń kọ̀ ọ́ ṣì pọ̀, wọ́n á ní nọ́ńbà 11 làwọn fẹ́. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ fi lọ̀ wọ́n.

Tìtí Ọlọ́ẹ̀rọ̀

Ẹ fi WhatsApp sí i, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi orúkọ èèyàn yáwó lọ́wọ́ ará ìjọ.

Gbogbo èèyàn ti mọ̀ pé wọn ò gbọ́dọ̀ sọ kóòdù fún ẹnikẹ́ni. Ọgbọ́n tuntun wà tí kò nílò kí ẹ sọ ọ́. Ẹnì kan á pè, á ní láti ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́kì lòún ti ń pè, pé láìnì yín fẹ́ dákẹ́, kí ẹ tẹ *21*, kí ẹ tẹ nọ́ńbà kan tẹ̀ lé e, kí ẹ fi # parí ẹ̀. Bẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo ìpè yín ti ń yà sọ́dọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ó wá fi nọ́ńbà yín ṣí WhatsApp, ó ní kí wọ́n fi ìpè sọ kóòdù dípò SMS, òun ló sì gbé ìpè náà. Ẹ tẹ *#21# kẹ́ ẹ fi wò bóyá ìpè yín ń yà síbì kan. Bó bá ń yà, ##002# á pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Bí wọ́n bá ti gba WhatsApp yín, ẹ má sọkún, ẹ tún nọ́ńbà yín fi sílẹ̀ lórí áàpù náà. Kóòdù oní-nọ́ńbà 6 á wọlé nípa SMS. Bẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ẹni tó wà lórí rẹ̀ ti jáde. Ó lè wá máa béèrè píìnì tí ẹ ò mọ̀, torí olè ti fi tirẹ̀ sí i. Ẹ máa dúró fún ọjọ́ 7 kẹ́ ẹ tó lè wọlé láìsí píìnì yẹn, ṣùgbọ́n olè náà kò sí níbẹ̀ mọ́ láàárín ọjọ́ méje yẹn. Ẹ lo àkókò náà láti fi SMS kìlọ̀ fún àwọn èèyàn yín. Bẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ wo Linked devices, kẹ́ ẹ wá lọ sí Account, Two-step verification, ẹ fi píìnì tiyín sí i àti ímeèlì.

Akọ̀wé Alájẹṣẹ́kù, Òṣogbo

Ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ti owó yíyá ńkọ́? Wọ́n ń pe èèyàn pé ó jẹ gbèsè tí kò mọ̀dí rẹ̀, wọ́n tún ń fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn àna rẹ̀.

Bánkà Tó Fẹ̀yìntì

Ohun àkọ́kọ́: ẹ má san kọ́bọ̀. Àwọn kan á ní "ẹ san ₦5,000 ká lè pa ẹnu wọn dé." Ẹni tó bá san díẹ̀ nínú gbèsè ti fọwọ́ ara rẹ̀ sọ pé òun ló jẹ ẹ́, ẹjọ́ rẹ̀ á wá le.

Ẹ kọ̀wé sí wọn, kó má jẹ́ ìpè. Ẹ sọ pé ẹ ò yá owó náà, kẹ́ ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin: ọjọ́ tí wọ́n yá owó náà, akáǹtì tí wọ́n san án sí, nọ́ńbà fóònù tó wà lórí ìwé náà, àti àwòrán ojú tí wọ́n fi gbà á. Akáǹtì yẹn gan-an ni ẹ̀rí yín. Tí owó bá bọ́ sínú akáǹtì tí kì í ṣe tiyín, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Tó bá jẹ́ akáǹtì tó ní orúkọ yín tí ẹ ò mọ̀ rí, ẹ lọ bá báńkì tó ṣí i, ẹ ní kí wọ́n tì í, kí wọ́n sì fún yín ní ìwé pé wọ́n ti ń wádìí rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba ìwé ìtàn gbèsè yín. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ló ń tọ́jú rẹ̀ ní Nàìjíríà: CRC, FirstCentral àti CreditRegistry. Òfin ìwé ìtàn gbèsè ti 2017 fún yín láṣẹ láti gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ọ̀dọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kẹ́ ẹ ti gbà á, torí ayánilówó kan lè ti fi orúkọ yín sọ́dọ̀ CRC kó má sì sí lọ́dọ̀ àwọn yòókù. Gbèsè tí kì í ṣe tiyín, ẹ kọ̀wé ta kò ó lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó wà, ẹ so ìwé ọlọ́pàá àti ìwé ìbúra mọ́ ọn. Bí ẹ kò bá ṣe èyí, ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ yáwó ra mọ́tò lẹ tó máa mọ̀.

Olùṣọ́ Dátà

Ti ìdójútini yẹn, FCCPC, àjọ tó ń dáàbò bo oníbàárà, ni kẹ́ ẹ fẹjọ́ sùn. Àwọn ló ń fọwọ́ sí àwọn ayánilówó orí fóònù, orúkọ àwọn tí wọ́n fọwọ́ sí wà lórí ìkànnì wọn. Bó bá jẹ́ pé wọ́n lo dátà yín láìgba àṣẹ, ẹ fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí NDPC, àjọ tí òfin ààbò dátà ti 2023 gbé kalẹ̀. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù gbogbo ọ̀rọ̀ burúkú tí wọ́n bá fi ránṣẹ́, kí nọ́ńbà àti ọjọ́ hàn, kẹ́ ẹ tó dí wọn.

Nǹkan kan sí i. Láti oṣù karùn-ún 2023 ni Google ti ka gbígba nọ́ńbà àwọn èèyàn inú fóònù léèwọ̀ fún áàpù owó yíyá lórí Play Store. Nítorí náà, áàpù tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ gbà láti orí líǹkì WhatsApp, tó ń parí sí .apk, ẹ sá fún un. Ìdí tí kò fi sí lórí Play Store ni ohun tó fẹ́ kó nínú fóònù yín.

Ṣadé Gbági

Ìbéèrè kékeré: tí owó tí èèyàn ò mọ̀ bá wọ akáǹtì rẹ̀, tí ẹnì kan wá ń pè pé òun ṣì í fi ránṣẹ́, ṣé kó dá a padà ni?

Bánkà Tó Fẹ̀yìntì

Kó má dá a padà fún ẹni tó ń pè o! Kó má sì ná an. Ó lè jẹ́ owó jìbìtì, akáǹtì tí olùpè bá dárúkọ á sì yàtọ̀ sí ibi tó ti wá. Kó lọ sí báńkì rẹ̀, kó kọ̀wé pé kí wọ́n dá a padà síbi tó ti wá gan-an. Ẹni tí owó olówó bá gba akáǹtì rẹ̀ kọjá, wọ́n lè fi BVN rẹ̀ sí ìwé àwọn tí wọ́n ń ṣọ́. Tí BVN bá ti wọ ibẹ̀, gbogbo báńkì ló máa rí i. Ìyà kan náà ń dúró de ọmọ ilé-ìwé tó bá yá ẹlòmíì ní akáǹtì nítorí ₦10,000.

Bí mo ṣe wà níbí: láti oṣù kẹfà 2018, CBN ti fi ₦100,000 ṣe òpin owó tí oníbàárà lè fi USSD rán lójúmọ́. Ọlọ́jà tí kì í fi USSD rán ju ₦20,000 lọ, kó ní kí báńkì tún fà á wálẹ̀ fún òun. Owó ìpamọ́ ní tirẹ̀, ẹ fi sí akáǹtì tí kò sí lórí USSD rárá.

Bàbá Rẹ̀mí, Houston

Fún àwọn ọmọ yín tó wà ní Amẹ́ríkà: kí wọ́n ti fáìlì gbèsè wọn pa lọ́dọ̀ Equifax, Experian àti TransUnion, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú ìtàn gbèsè níbí, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, torí ẹnì kan ò ní bá wọn sọ fún ẹnì kejì. Ọ̀fẹ́ ni láti oṣù kẹsàn-án 2018. Bí wọ́n bá fẹ́ yáwó, wọ́n á ṣí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òfin sì ní láàárín wákàtí kan ló gbọ́dọ̀ ṣí. Tí jìbìtì bá ti ṣẹlẹ̀, IdentityTheft.gov ni kí wọ́n lọ. Ìwé tí wọ́n bá gbà níbẹ̀ ló ń jẹ́ kí wọ́n lè fi ìkìlọ̀ ọdún 7 sórí fáìlì náà. Ti owó orí ló ń dun èmi jù: ẹnì kan á ti fi nọ́ńbà Social Security yín gba owó yín lọ́dọ̀ IRS, àjọ owó orí, kí ẹ tó jí. Ẹ gba IP PIN, píìnì àṣírí fún ìwé owó orí, lọ́dọ̀ IRS, nọ́ńbà 6 ni, ọdọọdún ló ń yí padà. Ẹ má jẹ́ kí ẹni tó ń bá yín ṣe owó orí nínú ìjọ tọ́jú rẹ̀ fún yín.

Àdùkẹ́ Peckham

Ìlú Ọba: bẹ́ ẹ bá fẹ́ bá báńkì yín sọ̀rọ̀, ẹ tẹ 159. Cifas, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì, ní ìforúkọsílẹ̀ ààbò ọdún 2 tó ń mú kí ilé-iṣẹ́ yẹ̀ yín wò dáadáa kí wọ́n tó ṣí akáǹtì lórúkọ yín. Ó lówó díẹ̀. Ilé àjọgbé ni ewu wa níbí. Tẹ́ ẹ bá kó kúrò, lẹ́tà báńkì yín ṣì ń bọ́ sẹ́nu ọ̀nà àtijọ́, ẹnikẹ́ni ló sì lè mú un. Ẹ ní kí Royal Mail máa darí rẹ̀. Àwọn tó ń lo eVisa, ẹ rí i pé ímeèlì àti fóònù tó wà lórí akáǹtì UKVI (àjọ físà wọn) ṣì jẹ́ tiyín.

Láìnì Nàìjíríà tí ẹ fi sílẹ̀ nílé wá ńkọ́? Bí oṣù 6 bá kọjá tí ẹ ò fi pè tàbí kí ẹ rìcháàjì, wọ́n lè tì í. Bí oṣù 6 mìíràn bá tún kọjá, ẹlòmíì lè ra nọ́ńbà náà ní ṣọ́ọ̀bù. OTP báńkì yín á wá máa wọlé sí fóònù ẹni tí ẹ ò mọ̀. Ẹ máa fi kírẹ́díìtì sí i, tàbí kí ẹ yí nọ́ńbà ní báńkì kí ẹ tó wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Ìwó

Fún àwa tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì lọ́dọ̀ PTAD, àjọ owó ìfẹ̀yìntì ìjọba àpapọ̀: ìjẹ́rìí pé a ṣì wà láàyè, ọ̀fẹ́ ni, orí ìkànnì wọn la ti ń ṣe é. Ẹni tó bá pè pé òun fẹ́ bá wa ṣe é, tó ń béèrè OTP tàbí owó ìwé, olè ni.

Ìyá Ìbejì Mókólà

Bí nọ́ńbà tí èèyàn fi ṣe BVN bá ti sọnù tipẹ́ ńkọ́?

Bánkà Tó Fẹ̀yìntì

Kó lọ sí ẹ̀ka báńkì rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìdánimọ̀, kó gba fọ́ọ̀mù àtúnṣe BVN. Bí wọ́n bá ṣe é tán, kó tẹ *565*0# lórí láìnì tuntun. Bó bá gbé BVN jáde, ó ti wọlé. Àmọ́ àtúnṣe yẹn ò kan nọ́ńbà tí álátì ń wọ̀, kò sì kan ti NIN. Kó yí ti álátì ní báńkì kọ̀ọ̀kan tó ní, kó sì yí ti NIN lọ́dọ̀ NIMC. Iṣẹ́ mẹ́ta ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ̀pọ̀ ń ṣe.